Ìrìn Àjò Mọ́tò Oníná Nígbà Òtútù

Àsìkò òtútù ni epo pupa máa ń dì gbagidi nínú ìgò, tí ìyá ilé yóò kọ́kọ́ ki ìgò náà bọ inú omi gbígbóná kí ó tó lè rí epo dà sínú ìkòkò ọbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ epo pupa yẹn sọ́kàn, nítorí mo ń padà bọ̀ wá síbẹ̀.

Àwọn kan nínú yín ti bi mí léèrè nípa àwọn mọ́tò tí kì í mu epo, tí ó jẹ́ pé iná mànàmáná ni wọ́n fi ń rìn. Wọ́n ní àwọn ti ra àlòkù rẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú, ó sì ń gbé àwọn lọ síbi iṣẹ́ àti ṣọ́ọ̀ṣì láìsí ìyọnu. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni bóyá ó lè gbé wọn láti Lọ́ńdọ̀nù dé Leeds tàbí Manchester nínú òtútù, nígbà tí ẹbí bá pè. Ìdáhùn mi ni pé ó lè gbé wọn dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ṣírò rẹ̀ dáadáa kó tó kúrò nílé yóò kàbùkù, èmi tí mo ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí sì ti kàbùkù rí. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ara mi ṣe àpẹẹrẹ.

Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 2021 ni àwọn aláṣẹ Lọ́ńdọ̀nù sún ààlà ULEZ dé ọ̀nà North Circular àti South Circular, Peckham tí mo ń gbé sì bọ́ sínú rẹ̀. Mọ́tò oní-dísẹ́ẹ̀lì mi àtijọ́ di ohun tí mo ń san £12.50 lé lórí ní gbogbo ọjọ́ tí mo bá gbé e jáde. Mo tà á. Mo ra Nissan Leaf kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 2016, èyí tí bátìrì rẹ̀ ń gba yúníìtì 30 nígbà tó wà ní tuntun. Yúníìtì tí mo wí yìí kò yàtọ̀ sí èyí tí a máa ń rà sínú mítà iná ní ilé. Nínú ìwé tí wọ́n fi ta mọ́tò náà, wọ́n kọ ọ́ pé yóò rin máìlì 155 kí iná rẹ̀ tó tán. Ìdánwò tí wọ́n ń lò ní Yúróòpù nígbà náà ni wọ́n fi gba èsì yẹn, ìdánwò náà sì láàánú púpọ̀. Ti àwọn ará Amẹ́ríkà lórí mọ́tò kan náà jẹ́ 107. Èmi ka 155, inú mi dùn, n kò sì wá ìdí ọ̀rọ̀ mọ́.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, àbúrò mi obìnrin bí ọmọkùnrin ní Leeds. Màámi ti wá láti Ìbàdàn ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, nítorí ọmọ náà ni wọ́n ṣe wá. Ọjọ́ kẹjọ bọ́ sí Sátidé, aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni wọn yóò sì sọ ọmọ lórúkọ. Mo ṣe ìṣirò mi bí ẹni tó ń rìn nínú oṣù kẹfà: yóò tó máìlì 205 láti ilé mi, n ó dúró gba iná ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fún ìkọ̀ọ̀kan, bí a bá kúrò nílé ní aago mẹ́rin ìdájí, a ó dé ní aago mẹ́sàn-án àbọ̀. A di orógbó, obì, ataare, oyin àti iyọ̀ sínú báàgì, Màámi àti ìyàwó mi jókòó sẹ́yìn, a sì gbéra. Yìnyín ti bo gíláàsì mọ́tò. Mo fi híítà yọ́ ọ lórí iná bátìrì fún bí ogún ìṣẹ́jú kí a tó kúrò. Àṣìṣe kìn-ín-ní nìyẹn.

Kí a tó dé Luton ni mo ti rí i pé iye máìlì tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù ń já wálẹ̀ ju iye tí a ń rìn lọ. A óò rin máìlì mẹ́wàá, yóò yọ mẹ́rìndínlógún. Ẹ̀rù bà mí, mo sì pa híítà. Òtútù wọlé bí olè.

"Àkànní," ni Màámi pè mí láti ẹ̀yìn, "ṣé híítà mọ́tò yìí ti bàjẹ́ ni?"

"Kò bàjẹ́, Màámi. Mò ń ṣọ́ iná lò ni."

"Iná wo?"

"Iná tó ń gbé mọ́tò lọ náà ni híítà ń lò, mà."

Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ gan-an ni a ṣe ń ṣọ́ iná lò ní Ìbàdàn. N kò mọ̀ pé ó ti dé Lọ́ńdọ̀nù."

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo díńgí, mo rí i pé ó ti bọ́ kóòtù ara rẹ̀, ó ti fi bo ẹsẹ̀ Màámi, tí òun fúnra rẹ̀ sì ká ọwọ́ mọ́ àyà. Ìyá ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, tí wọ́n ti inú ọyẹ́ Ìbàdàn bọ́ sínú yìnyín, ni mo ń dù ní ooru nítorí pé n kò ṣe ìṣirò.

Ní ibùdó kan ní àárín ọ̀nà, tí n kò ní dárúkọ, ẹ̀rọ ṣájà méjì péré ló wà níbẹ̀. Ojú ọ̀kan ti kú. Èkejì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n orí wáyà tó bá mọ́tò mi mu kò dáhùn. Mo pe nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára rẹ̀, orin ni wọ́n ń kọ sí mi létí fún ogún ìṣẹ́jú. A padà sójú ọ̀nà pẹ̀lú ìwọ̀nba tó kù, mo fara pamọ́ sẹ́yìn lọ́rì kan, mò ń rìn ní máìlì 45 ní wákàtí kan lórí òpópónà márosẹ̀, láìsí híítà. Nígbà tí a ó fi dé ibùdó tó tẹ̀ lé e, nọ́ńbà ti kúrò lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ìlà kéékèèké mẹ́ta ló kù. Ẹni tó ní Leaf mọ ohun tí ìlà mẹ́ta yẹn túmọ̀ sí.

Aago méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú ni a wọ Leeds. Wọ́n ti sọ ọmọ lórúkọ. Oyin ọlọ́yin ni wọ́n fi tọ́ ọ lẹ́nu, tiwa ṣì wà nínú báàgì. Màámi sọ owó sínú abọ́ omi, wọ́n gbé ọmọ, wọ́n sì fún un ní orúkọ tí wọ́n ti Ìbàdàn mú bọ̀. Gbogbo ilé ṣe àmín. Kò sí ẹni tó bá mi wí. Èyí ló dùn mí jù.

Lẹ́yìn ìgbà náà ni mo jókòó láti kọ́ ohun tó yẹ kí n ti mọ̀. Ẹ jẹ́ kí a padà sórí epo pupa. Omi inú bátìrì kì í dì bí epo, ṣùgbọ́n bí òtútù bá mú un, àwọn èròjà tó ń gbé iná láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì nínú rẹ̀ a máa wọ́ ẹsẹ̀, bí epo ìdájí ṣe ń wọ́ lẹ́nu ìgò. Iná kò tètè jáde, kì í sì í tètè wọlé. Nítorí náà, òtútù a máa gé ọ̀nà tí mọ́tò lè rìn kúrú, a sì tún máa fa àkókò tí a fi ń gba iná gùn. Bí ẹ bá sì tẹ bíréèkì ní òwúrọ̀ yìnyín, ẹ ó rí i pé iná tí mọ́tò máa ń rí kó padà nínú ìdádúró kò tó ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí bátìrì tútù kò lè gbé e mì.

Ṣùgbọ́n híítà ni olóríi wọn. Ẹ ronú nípa mọ́tò elépo. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú agbára tó wà nínú epo ni ẹ́ńjìnnì ń sọ di ooru lásán. Ooru tí ì bá ṣòfò náà ni wọ́n ń darí sí ẹsẹ̀ wa, a sì rò pé ọ̀fẹ́ ni. Mọ́tò oníná kì í fi agbára ṣòfò bẹ́ẹ̀. Ìwà ìṣọ́wó rẹ̀ yìí ló mú kí ó jẹ́ pé gbogbo ooru tí a bá fẹ́, inú bátìrì ni yóò ti wá. Bí híítà bá ń jẹ yúníìtì 2 ní wákàtí kan, ní wákàtí mẹ́rin ó ti jẹ 8. Bátìrì mi tí ó ti dàgbà kò gbà ju nǹkan bí 24 lọ mọ́. Ẹ rí i pé ìdá kan nínú mẹ́ta ti lọ sí ara ooru.

Ohun kan wà tí àwọn ènìyàn máa ń bẹ̀rù tí kò yẹ kí wọ́n bẹ̀rù tó bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni kí yìnyín sé wọn mọ́ ojú ọ̀nà mọ́jú. Bí mọ́tò bá dúró sójú kan, híítà nìkan ló kù tó ń jẹun, kò sì nílò púpọ̀ bí inú mọ́tò bá ti gbóná. Bátìrì tí yúníìtì 15 bá kù nínú rẹ̀ lè fún ènìyàn ní ooru fún bíi wákàtí mẹ́wàá, kò sì ní èéfín tó lè pa ènìyàn mọ́ inú mọ́tò. Eré sísá ni ọ̀tá gidi. Agbára tí atẹ́gùn fi ń dí mọ́tò lọ́wọ́ kì í pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, ńṣe ló ń fò sókè. Ẹni tó bá dín eré kù láti máìlì 70 sí 60 ní wákàtí kan ti bọ́ lọ́wọ́ ìdá kan nínú mẹ́rin ìdènà yẹn, àti díẹ̀ sí i. Òjò àti afẹ́fẹ́ iwájú ń dá kún un. Táyà náà ń rọ̀ bí òtútù bá mú, kí ẹ wọn atẹ́gùn rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ẹ ń lọ, kì í ṣe ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú.

Báwo wá ni a ṣe ń ṣírò? Ìwé tí wọ́n fi ta mọ́tò kì í ṣe ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti iye yúníìtì tí bátìrì yín ṣì ń gbà lónìí. Ti èmi ni 24. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, yúníìtì kan ń gbé mi rin máìlì 4. Nínú òtútù lórí márosẹ̀, 3 ni mo ń kà, bí òjò bá sì ń rọ̀ mo ń kà á sí 2 àbọ̀. 24 lọ́nà 3 jẹ́ 72. Mo yọ 15 kúrò, ìyẹn ni mo fi pamọ́ fún ṣájà tó bá kú. Ó ku 57, èyí sì ni gígùn ẹsẹ̀ ìrìn àkọ́kọ́ mi, nítorí láti ilé ni mo ti gbé bátìrì kíkún. Láti ìgbà náà lọ, ó gùn tó 42 péré. Ìdí ni pé tí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún bá ti wọ inú bátìrì, ṣájà a máa rọra fún un, bí ìgbà tí a bá ń rọ omi sí korobá tó fẹ́ kún. Ẹni tó bá dúró títí yóò fi kún dẹ́múdẹ́mú ń fi àkókò ara rẹ̀ àti ti ẹni tó tò sẹ́yìn rẹ̀ ṣòfò.

Ẹ gbé ìṣirò yìí lé ojú ọ̀nà M1. Láti Peckham dé Toddington tó bíi máìlì 50. Toddington sí Watford Gap, bíi 40. Láti ibẹ̀ dé Leicester Forest East kò ju ogún-lé-díẹ̀ lọ, ó sì lè wù yín láti fò ó. Ẹ má fò ó, nítorí láti Watford Gap tààrà dé Tibshelf tó 60, ibẹ̀ sì ni èmi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kàgbákò. Láti Leicester Forest East dé Tibshelf kò pé 40. Láti Tibshelf dé Woolley Edge lé díẹ̀ ní 40, kí ẹ gba iná díẹ̀ kọjá 80 níbẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé Woodall wà láàárín bí ọkàn yín kò bá balẹ̀. Leeds kò jìnnà mọ́ lẹ́yìn náà. Ìdúró márùn-ún nìyẹn, kì í ṣe mẹ́ta. Bíi wákàtí mẹ́rin lórí ìrìn, bíi mẹ́ta lórí ìdúró: wákàtí méje. Ẹni tí wọ́n ń dúró dè ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ kò gbọdọ̀ kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ náà rárá. Àná rẹ̀ ni kó ti lọ.

Ní ti ṣájà fúnra rẹ̀, ẹ wo orí wáyà rẹ̀ kí ẹ tó gbọ́kàn lé e. Leaf àtijọ́ bíi tèmi àti àwọn díẹ̀ mìíràn láti Japan ń lo irú tí wọ́n ń pè ní CHAdeMO. Èyí tó pọ̀ jù lára mọ́tò tuntun ní Yúróòpù ń lo CCS, ọ̀pọ̀ ibùdó tuntun kò sì kó ti CHAdeMO wá mọ́. (Àwọn ará Japan tó ṣe é fi orúkọ náà ṣe ẹ̀fẹ̀: ó jọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń bi àlejò bóyá yóò mu tíì, nítorí tíì ni ènìyàn ó máa mu títí iná yóò fi wọlé. Màámi fẹ́ràn ìtàn yìí.) Áàpù Zap-Map ń fi hàn irú orí wáyà tó wà ní ibùdó kọ̀ọ̀kan àti èyí tó ti bàjẹ́, ẹ wò ó ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ sì tún wò ó ní gbogbo ìdúró kí ẹ tó lọ sí èyí tó kàn. Òfin Bìrìtìkó ti ṣe wá lóore díẹ̀: láti ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá ọdún 2024 ni ó ti di dandan pé kí ṣájà ayára gba káàdì báńkì lásán, kí àwọn tó ni wọ́n sì rí i pé wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò. Síbẹ̀, ìdá kan tó kù lè jẹ́ ọjọ́ tiyín. Owó rẹ̀ náà kì í ṣe ẹgbẹ́ iná ilé. Iná òru tí mo ń rà ní Peckham kò tó ìdajì rẹ̀.

Nípa ooru, ẹ má ṣe bí mo ti ṣe. Ẹ jẹ́ kí mọ́tò gbóná nígbà tí wáyà ilé ṣì wà lára rẹ̀; ẹ lè yan àkókò rẹ̀ lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, iná ilé ni yóò sì yọ́ yìnyín gíláàsì. Bí ìjókòó yín bá ní híítà tirẹ̀, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ tàn. Kò jẹ ju díẹ̀ lọ, nítorí ara ènìyàn ló ń mú gbóná, kì í ṣe gbogbo afẹ́fẹ́ inú mọ́tò. Ẹ gbé kúbùsù, omi gbígbóná nínú rọ́bà, fúláásìkì tíì àti oúnjẹ tí a lè fi ọwọ́ jẹ. Ṣùgbọ́n bí àgbàlagbà tàbí ọmọ ọwọ́ bá wà nínú mọ́tò, ẹ tan híítà, kí ẹ sì fi ìdúró kan kún ìrìn. Orí ìdúró ni kí ìṣirò yín ti yí padà, kì í ṣe orí ara ìyá yín.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Calgary àti Edmonton lè máa fi òtútù Lọ́ńdọ̀nù rẹ́rìn-ín, ó sì tọ́ sí yín. Lọ́dọ̀ tiyín, mọ́tò elépo pàápàá ń sùn pẹ̀lú wáyà lára. Kìlómítà 300 tó wà láàárín ìlú méjèèjì, tí Red Deer wà ní ìdajì rẹ̀, kì í ṣe ọ̀nà tí n ó fi bátìrì bíi tèmi gbà ní ọjọ́ tí òtútù bá wọ 30 sísàlẹ̀ òdo. Ẹ̀yin ará Chicago náà kò ní gbàgbé oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, nígbà tí mọ́tò oníná tò lọ bẹẹrẹ níbi ṣájà, tí bátìrì àwọn mìíràn kú sórí ìlà. Ọ̀pọ̀ wọn dé ibẹ̀ pẹ̀lú bátìrì tó tutù rinrin, tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Síbẹ̀, ní Norway tí òtútù rẹ̀ kì í ṣe ti ọmọdé, nínú mọ́tò tuntun mẹ́wàá tí wọ́n tà ní ọdún 2024, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́sàn-án tó jẹ́ oníná. Àwọn yẹn ti kọ́ bí a ti ń bá a gbé.

Èmi kò sì ní fi ìgbéraga bo òótọ́ mọ́lẹ̀. Bí ayẹyẹ bá jẹ́ èyí tí kò lè dúró de ènìyàn, tí ẹ kò sì lè lọ ní àná rẹ̀, ẹ fi mọ́tò kékeré sílẹ̀ nílé. Ọkọ̀ ojú irin láti King's Cross dé Leeds kò ju wákàtí méjì àti díẹ̀ lọ.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, ọmọ náà pé ọdún méjì. Màámi tún wà lọ́dọ̀ wa. A gbéra ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú, pẹ̀lú ìdúró márùn-ún lórí ìwé àti híítà tó ń ṣiṣẹ́. Ní Leicester Forest East, ṣájà kan ti ní èrò, a dúró dè é, a jẹ mọ́ínmọ́ín. Ní Tibshelf ilẹ̀ ti ṣú, òjò dídì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, Màámi ń mu tíì wọn lẹ́yìn mọ́tò, wọ́n ń wo nọ́ńbà tó ń gòkè lójú dáṣíbọ́ọ̀dù.

"Àkànní."

"Màámi."

"Ooru yìí ti pọ̀ jù. Dín in kù díẹ̀."

Mo dín in kù díẹ̀.